Kóńgò Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Jíìnì

Sẹ́ẹ̀lì T tó ń sinmi nínú ẹ̀jẹ̀ kéré, ṣúgà tó ń lò kò sì tó nǹkan. Àmọ́ bó bá ti dá kòkòrò àrùn mọ̀, yóò wú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pín, yóò sì máa jó ṣúgà láìdáwọ́ dúró. Jíìnì GAPDH wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ṣúgà yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àwọn onímọ̀ ti sọ di kóńgò tipẹ́: jíìnì yòówù tí wọ́n bá fẹ́ wọn, GAPDH ni wọ́n ń fi díwọ̀n rẹ̀, torí wọ́n gbà pé kì í dín, kì í pọ̀. Kóńgò tó ń fẹ̀ bí ọjà ṣe ń lọ, oníṣòwò wo ló fẹ́ fi ta gàrí? Nínú ẹ̀rọ PCR, tí wọ́n fi ń wọn RNA tí jíìnì ń mú jáde, ẹ̀dà ń di ìlọ́po 2 ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí GAPDH inú sẹ́ẹ̀lì tó ta jí bá fi ìpele 3 ṣáájú ti èyí tó ń sinmi, ó ti di ìlọ́po 8 nìyẹn. Jíìnì tí òun náà lọ sókè ní ìlọ́po 8 yóò wá dà bí èyí tí kò kúrò lójú kan.

Ní 2002 ni Jo Vandesompele àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ghent, ní Bẹ́ljíọ̀mù, yẹ irú jíìnì tí wọ́n ń fi ṣe kóńgò bẹ́ẹ̀ 10 wò nínú oríṣi ẹ̀yà ara 13 lára èèyàn. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá gbára lé ẹyọ kan ṣoṣo lè ṣìnà gan-an. Ọgbọ́n tí wọ́n dá, tí wọ́n pè ní geNorm, ni pé bí jíìnì méjì bá dúró sójú kan lóòótọ́, ìṣirò ọ̀kan sí èkejì kò gbọdọ̀ yí padà láti àyẹ̀wò kan sí òmíràn. Èyí tó bá ń yẹsẹ̀ jù ni wọ́n ń yọ dànù, títí yóò fi ku ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n á jọ fi ṣe òdiwọ̀n. Ní 2004, ìwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì T èèyàn fi hàn pé GAPDH àti actin, tí òun náà jẹ́ kóńgò, kò dúró nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ta jí, pé 18S, RNA kan tó wà nínú ríbósóòmù, ló sàn jù.

Ṣé ká kúkú mú 18S ká sinmi? Rárá o. 18S pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ju jíìnì tí à ń wá lọ fíìfíì, kò sì sí lára RNA tó ń gbé iṣẹ́ purotéènì. Àwọn mìíràn ní kí a kàn wọn RNA lọ́gbọọgba, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tó ta jí máa ń ní RNA ju èyí tó ń sinmi lọ. Àríwísí tó wúwo jù ni ti geNorm fúnra rẹ̀: jíìnì méjì tí ọ̀gá kan náà ń darí lè jọ gòkè, kí wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀, kí geNorm sì ní wọn ò mira. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí NormFinder, tí àwọn ará Denmark gbé jáde ní 2004, fi ń wo ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, ìdí náà sì nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn jíìnì tí a fẹ́ yẹ̀ wò jẹ́ oníṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí Stephen Bustin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà MIQE jáde ní 2009, wọ́n ní ẹni tó bá lo jíìnì kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé kì í yẹsẹ̀ nínú irú àyẹ̀wò tó ń ṣe. Ẹ̀rí tó ti inú ẹ̀dọ̀ wá kò lè gba sẹ́ẹ̀lì T sílẹ̀.