Ta Ló Gbé Awò Ojú Màmá? Ọ̀sẹ̀ Kan ní Ìlá Ọ̀ràngún

  Lónìí, mo fẹ́ sọ bí mo ṣe lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ìwé ni mo lọ kà. Àmọ́ ìwé nìkan kọ́ ni mo kà.

Màmá ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ojú wọn ti ń di bàìbàì, nítorí náà mo ní kí n máa kàwé fún wọn lálaalẹ́. Ìwé tí wọ́n mú jáde lábẹ́ ìrọ̀rí ni Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tó jáde ní 1969. Mo ṣí i, mo gbóhùn sókè bí oníròyìn: "Ajá ló lẹrù!"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Àjọkẹ́, ajá wo ló ń di ẹrù? Àjà ni! Òkè ilé, níbi tí àwọn bàbá wa ń kó ẹrù sí."

Mo gba yunifásítì jáde o. Mo ń fi ohùn jẹun. Ṣùgbọ́n àmì orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ mí di ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi Yorùbá ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìfi àmì sí i, ẹ rí i bí ajá ṣe ń wọ orí àjà.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ìwé yẹn. Láàpàdé, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú rẹ̀. Òkédìjí tún mú un padà wá nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Kọ́lá Akínladé náà kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Owó Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jáde ní 1976. Ká tiẹ̀ tún padà sẹ́yìn: láti 1929 wọ 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá jáde, tó ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè lóòótọ́. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ló ń kọ ọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé TikTok ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi ìtàn dá ènìyàn dúró.

Bí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: òǹkọ̀wé á gbé gbogbo ẹ̀rí síwájú wa, àmọ́ á jẹ́ ká máa wo ibòmíràn. Ẹni tí a kọ́kọ́ fura sí kì í sábà jẹ́ òun. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Nítorí pé ní ọjọ́ kejì tí mo dé, awò ojú Màmá sọnù.

A tú bẹ́ẹ̀dì. A tú àpò. A wo ẹ̀yìn rédíò. Gbogbo ilé wá yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó máa ń gbé awò náà sójú láti fi ṣeré. Ó ní òun kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ náà sunkún títí, ó ní òun kọ́. Mo wà níbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Èmi tí mò ń ka ìtàn Láàpàdé lálaalẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n mú iná lọ, fóònù mi sì ti kú. A jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Màmá ní kí á pàlọ́. Wọ́n kọ́kọ́ fi àlọ́ àpamọ̀ ṣí i, èyí tí a ń béèrè kí a dáhùn. À ń fi í jí ọpọlọ ọmọdé kí ìtàn gígùn tó dé. Lẹ́yìn náà ni àlọ́ àpagbè, èyí tó ní orin.

Wọ́n mú ti Ìjàpá àti Yánníbo, ìyàwó rẹ̀ tó ń wá ọmọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Babaláwo se àsèjẹ fún Yánníbo, ó kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìjàpá gbé e, òórùn ọbẹ̀ ń fà á nímú, ó tọ́ ọ wò, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Nínú ìwé Òkédìjí, à ń wá ẹni tó ṣe é. Nínú àlọ́ Ìjàpá, gbogbo wa ti mọ ẹni tó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjàpá ni, Ìjàpá náà ni. Ohun tí à ń dúró dè ni bí yóò ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Inú orin ló sì ti ń jẹ́wọ́.

Ibi orin yẹn gan-an ni Màmá dúró. Wọ́n la ẹnu, wọ́n pa á dé. "Orin yẹn... mo mọ̀ ọ́n." Gbogbo ilé dákẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ọmọ tí a fìyà jẹ ní ọ̀sán o! Ó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ lórí fóònù. Màmá mi orí: "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ là ń kọ ọ́ níbí." Wọ́n wá gbé tiwọn, ohùn náà lọ sísàlẹ̀ ju èyí tí mo mọ̀ lọ. A gbè é. Ó dé ìdajì, ó tún lọ.

Nígbà náà ni mo tó mọ ohun tí ègbè wà fún. Mo ti máa ń rò pé kí ọmọdé má baà sùn ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé, kò sí fóònù láyé ọjọ́un. Orí àwọn tó ń gbè é ni wọ́n ń tọ́jú orin náà sí. Bí apàlọ́ bá gbàgbé, agbo á rántí. Kí á sòótọ́, ó dùn mí díẹ̀. Ìtàn ni èmi náà ń sọ fún yín, àmọ́ olúkúlùkù ti fi nǹkan dí etí rẹ̀. Ta ni yóò gbè é?

Lọ́jọ́ kẹrin, àbúrò bàbá àgbà, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, gbé ọpọ́n ayò wá. Ilé méjìlá, mẹ́fà lọ́wọ́ tèmi, mẹ́fà lọ́wọ́ tiwọn. Ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ta á ní agbolé wa, bí ọmọ tí o sọ kẹ́yìn bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Wọ́n nà mí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo ní wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fi pa mọ́? Ojú ọpọ́n ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìwọ ni o ò kà á."

Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láìsí awò ojú. Etí ni wọ́n fi ń bá wa ta á. Ọmọ ayò á dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, wọ́n á ní, "Ó ti jẹ mẹ́ta." Wọn ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Màmá sọ ìtàn orúkọ Ìgbómìnà fún ọmọ náà: bí Àjàgunńlà, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, ṣe gba ogbó kan lọ́wọ́ Odùduwà bàbá rẹ̀, tí ogbó náà ń fi ọ̀nà hàn án nínú igbó. Ogbó mi mọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ náà ti wá. Ọmọ náà ní, "Màmá, ṣé bíi Google Maps ni?" Ẹ̀rín pa wá.

Ọjọ́ kẹfà ni mo lọ ro àmàlà. Mo ki ọwọ́ bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì èlùbọ́, ọwọ́ mi kan ọ̀rá. Awò ojú Màmá ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n wé e, wọ́n sì so ó ní kókó méjì. Irú kókó tí Màmá máa ń so sí owó ni. Nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó ń so ó bẹ́ẹ̀ àfi àwọn.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Gbogbo ẹ̀rí ti wà lójú ọpọ́n láti ọjọ́ kìíní: orin tó já, orúkọ àǹtí mi tó ti kú tí wọ́n fi pè mí ní ẹ̀ẹ̀mejì, iyọ̀ tí wọ́n fi sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wa ló rí i. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kà á. Ó rọrùn kí á fura sí ọmọdé.

Mo gbé awò náà fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wò ó, wọ́n wo kókó náà, wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ọmọ wọn, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Màmá gbọ́. Wọ́n ní, "Èmi ni mo tọ́jú ẹ̀, àbí?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fa ọmọ náà mọ́ra. "Má bínú, bàbá mi. Orí ìyá rẹ ti ń dàgbà."

A ti bá dókítà ṣe àdéhùn. Ẹ jọ̀wọ́, bí àgbàlagbà yín bá ń gbàgbé lọ́nà tí kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ má kàn fi ṣe ẹ̀rín, ẹ má sì pè é ní àjẹ́. Ẹ mú wọn lọ sí ọsibítù. Àwọn àìsàn kan tó ń fa ìgbàgbé ṣeé tọ́jú. Àwọn mìíràn, ó dára kí ẹbí tètè mọ̀ ọ́n.

Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì ni orin Màmá tí mo gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà. Kò pé. Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, mo ní kí ẹni tó bá mọ ìyókù kọ ọ́ kó dá a padà. Àǹtí mi kan ní Ọ̀rà ti fi ìlà méjì ránṣẹ́. À ń dúró de ìyókù.

Ẹ̀yin náà, ẹ pe ilé lálẹ́ yìí. Ẹ ní kí wọ́n pàlọ́ kan fún yín. Tí wọ́n bá dé ibi orin, ẹ yọ nǹkan etí yín, kí ẹ gbè é. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.