Báǹkì àwọn Lárúbáwá tó ń yá Áfíríkà lówó: ṣé owó ọ̀fẹ́ ni?

Bí a bá ti ka ìròyìn pé báǹkì àwọn Lárúbáwá fẹ́ fi owó ṣe ọ̀nà tàbí omi ẹ̀rọ ní orílẹ̀-èdè kan nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn olùgbọ́ wa kan máa ń pè wá: ṣé wọ́n ta wá lọ́rẹ ni? Rárá o, gbèsè ni. Ẹ jẹ́ ká là á yé yín.

Báǹkì tí wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn ni BADEA, ìyẹn Báǹkì Lárúbáwá fún Ìdàgbàsókè Ọrọ̀ Ajé Áfíríkà. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti Íjíbítì pẹ̀lú Síríà ní oṣù kẹwàá ọdún 1973 ló fà á. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, gbè sẹ́yìn àwọn Lárúbáwá, wọ́n gé àjọṣe wọn pẹ̀lú Ísírẹ́lì. Àmọ́ láàárín oṣù díẹ̀, àgbá epo rọ̀bì tí wọ́n ń tà ní bíi dọ́là mẹ́ta gun òkè dé bíi dọ́là 12. Nàìjíríà tó ń ta epo rí jẹ níbẹ̀. Àwọn tó ń ra epo ni ọ̀rọ̀ náà ká lára: wọ́n ti báni gbèjà, ẹni tí wọ́n gbèjà rẹ̀ tún ń ta ọjà fún wọn ní ọ̀wọ́n gógó. Inú rògbòdìyàn yẹn ni àwọn olórí Lárúbáwá wà tí wọ́n fi ṣèpàdé ní Algiers, ní oṣù kọkànlá, tí wọ́n sì fẹnu kò láti dá báǹkì náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, ní Khartoum, lórílẹ̀-èdè Sudan.

Orílẹ̀-èdè Lárúbáwá 18 ló ni ín. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí kò sí nínú ẹgbẹ́ àwọn Lárúbáwá ló ń yáwó níbẹ̀, wọn kò sì ní ìpín kankan nínú rẹ̀. Ti Sudan tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: òun ló gba báǹkì lálejò, kò sì lè yá níbẹ̀, torí ó wà lára àwọn tó ni ín. Ogun ọdún 2023 ló lé wọn lọ sí Riyadh.

Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ Báǹkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù tó wà ní Jeddah o. Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ ìyẹn ní 2005, òun ló sì yá wa lówó fún iṣẹ́ omi Iléṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Owó irú báǹkì báyìí kì í sábà gba àpò gómìnà kọjá. Agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n ń san án fún, bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ sí. Èlé rẹ̀ kéré sí ti ọjà, ọdún mélòó kan á sì kọjá kí ẹni tó yá a tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ojú owó.

Ibi tó ti ń dunni rèé: owó ilẹ̀ òkèèrè ni gbèsè, náírà ni àwa ń pa. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báǹkì àpapọ̀. Nígbà tí 2024 fi parí, ó ti lé ní 1,500. Ìpínlẹ̀ tó ń wá nǹkan bíi mílíọ̀nù 470 náírà láti fi san mílíọ̀nù dọ́là kan wá ń wá bílíọ̀nù kan ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ èlé kò yí padà rárá. Àbújá ló ń dúró fún ìpínlẹ̀ níwájú báǹkì, torí náà Àbújá ló ń yọ owó náà nínú ìpín oṣooṣù kí ó tó dé ìpínlẹ̀, yálà omi ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ tàbí kò tíì yọ.