Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìrìn Dáre Ògúnbọ̀wálé nínú Bọ́ọ̀lù Àwọn Ará Amẹ́ríkà

Nínú àwọn ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìfàkò-Ìjàyè, láti Ìjú títí dé Alákùkọ, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí èyí tí kò ní in lọ́kàn pé bọ́ọ̀lù yóò gbé òun dé òkè òkun. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń gbé tọ àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run wá, tí ó sì yẹ kí ìwé ìrántí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ wa gbé yẹ̀ wò: kí ni ọmọ yóò ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n bá yan ẹlòmíràn, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀? A rí ìdáhùn kan nínú ìrìn ọmọ Yorùbá kan tí a bí sí Amẹ́ríkà, Dáre Ògúnbọ̀wálé.

Kí ìtàn náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú eré tó ń ṣe. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà rí gbọọrọ bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fi jù ú tàbí gbé e sáré. Ènìyàn 11 ló ń dúró fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí pápá. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin láti sún síwájú ní yáàdì 10. Bí ó bá ṣe é, ó tún gba mẹ́rin mìíràn. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù wọ ìpẹ̀kun pápá gba àmì 6 fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gbá a kọjá láàrin òpó méjì gba àmì 3.

Ipò méjì ló kàn wá jù níhìn-ín. Èkínní ni ti olùṣọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní defensive back. Èyí tó ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá nínú wọn ni cornerback. Yóò tẹ̀lé asáré ẹgbẹ́ kejì bí òjìji, kí onítọ̀hún má baà rí bọ́ọ̀lù gbà. Ẹ̀yìn ni ó ń fi sáré ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì mọ ibi tí ẹni tó ń ṣọ́ fẹ́ yà sí. Èkejì ni kick returner, ẹni tó ń dúró sí ẹ̀yìn pátápátá láti gba bọ́ọ̀lù tí àwọn alátakò gbá sókè, tí yóò sì gbé e sáré padà sí àárín àwọn tó ń rọ́ bọ̀ wá gbé e ṣubú. Àwọn ọmọ ogun gbígbá àti gbígbà yìí ni wọ́n ń pè ní special teams. Iṣẹ́ wọn le, ìyìn rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ní ọdún 1994 ni wọ́n bí Dáre ní ìlú Milwaukee. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé ní Marquette University High School, ilé-ẹ̀kọ́ girama ti Ìjọ Àgùdà. Nígbà tó wọ Yunifásítì Wisconsin ní 2012, kò sí ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n torí bọ́ọ̀lù fún un. Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ẹgbẹ́. Cornerback ni wọ́n fi í ṣe. Ní 2014, wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n ní kí ó máa gbé bọ́ọ̀lù sáré. Ẹni tó ń dènà di ẹni tí wọ́n ń dènà. Ní 2015, òun ni ó gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà jù lọ nínú ẹgbẹ́ náà.

Ní 2017, àwọn ẹgbẹ́ 32 tó wà nínú NFL yan ọ̀dọ́mọkùnrin 253. Orúkọ Dáre kò sí níbẹ̀. Houston Texans gbà á láìyàn, wọ́n sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó lọ sí Tampa Bay, ó lọ sí Jacksonville, kí ó tó padà sí Houston ní 2022. Special teams ló mú un dúró ní gbogbo ọdún wọ̀nyí: ó ń dènà fún ẹlòmíràn, ó ń sáré lọ gbé ẹlòmíràn ṣubú, ó sì ń gba bọ́ọ̀lù sáré padà bí wọ́n bá pè é sí i.

Ní ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kọkànlá 2023, Houston ń bá Tampa Bay ta kàn-ń-gbọ̀n. Ka'imi Fairbairn, ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáàrin òpó fún Houston, fara pa. Àmì di 30 sí 30. Dáre ni wọ́n pè. Ó gbá a láti yáàdì 29, ó sì wọlé. Láti 2004, tí Wes Welker, òun náà kick returner, ti ṣe irú rẹ̀, kò tíì sí ẹlòmíràn tí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù-sáàrin-òpó tó tún ṣe é nínú NFL. Houston borí pẹ̀lú 39 sí 37. Ẹ yọ 3 kúrò nínú 39, ẹ ó rí ohun tí ẹsẹ̀ kan yẹn ṣe.

A kò sọ pé gbogbo ọmọ tí a kò yàn ni yóò dé NFL. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò ní dé ibẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni pé kò ka ipò kankan sí ìtìjú, kò sì jẹ́ kí ipò kan ṣoṣo jẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ohun tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ń kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ara kan tó ní ẹ̀yà púpọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ta ìwé ọmọ nítorí bàtà bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ ọmọ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá ní iṣẹ́ kejì. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí wọ́n bá ka orúkọ tán tí tiyín kò sí níbẹ̀, ẹ béèrè iṣẹ́ tó kù, kí ẹ sì ṣe é dáadáa. Kí Ọlọ́run tó dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sí di òní dá yín láre. Àmín.