Kálórì tí aago ọwọ́ yín ń kà: ṣé òótọ́ ni?

Aago ọwọ́ ní ẹ ti lo 2,600 kálórì lónìí, lẹ bá bu ẹ̀bà kún ẹ̀bà. Ẹ fara balẹ̀ ná. Aago yẹn ò wọn kálórì kankan. Ó ka bí ọkàn yín ṣe ń lù àti bí ọwọ́ yín ṣe ń mì, ó wá fojú bu ìyókù.

Ní 2017, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà yẹ irú aago bẹ́ẹ̀ méje wò lára ọgọ́ta èèyàn. Mẹ́fà ka lílù ọkàn dáadáa. Kálórì ńkọ́? Èyí tó dáa jù fi nǹkan bíi ìdá 27 nínú 100 ṣìnà. Èyí tó burú jù, 93!

Ẹni tí ò ní aago lè ṣírò ó. Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tí ọ̀pọ̀ wa ń ná lójúmọ́ kì í ṣe ti eré ìdárayá o, ti pé a ṣáà wà láàyè ni. Ìṣirò Mifflin ti 1990 ló wọ́pọ̀ fún ìyẹn: kílò yín lọ́nà 10, ẹ ro gíga yín ní sẹ̀ǹtímítà lọ́nà 6.25 mọ́ ọn, kí ẹ yọ ọjọ́ orí yín lọ́nà 5. Ọkùnrin á fi 5 kún un, obìnrin á yọ 161. Obìnrin ọgbọ̀n ọdún tó jẹ́ kílò 65, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 163, á rí nǹkan bíi 1,358.

Ibi tí wàhálà wà ló kù. Tó bá ń jókòó sí ọ́fíìsì, á sọ ọ́ di ọ̀nà 1.4, ìyẹn 1,900. Tó bá ní òun máa ń rìn dáadáa, ọ̀nà 1.7, ó di 2,300. 400 kálórì ti yọ́ wọlé, torí a fẹ́ràn ká máa pọ́n ara wa lé.

Èyí tó ṣeé gbára lé jù ni omi àkànṣe kan tí háídrójìn àti ọ́síjìn inú ẹ̀ wúwo ju ti omi lásán lọ. Èèyàn á mu ún, wọ́n á máa yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Háídrójìn ń bá omi ara nìkan jáde, ọ́síjìn tún ń bá èémí jáde. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń tú àṣírí agbára tí ara ná. Omi náà wọ́n gan-an. Òun ni wọ́n fi wọn àwọn obìnrin abúlé nílẹ̀ wa àti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní agbègbè Chicago, nínú ìwádìí tó jáde ní 2008. Ẹ̀yin náà á rò pé ará abúlé ló máa ná jù, àbí? Nígbà tí wọ́n ro ti ìwọ̀n ara mọ́ ọn, agbára tí wọ́n ń ná sórí iṣẹ́ àti ìrìn ò yàtọ̀.

Fún àwa tí ò lówó omi yẹn, òṣùwọ̀n ilé tó. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń jẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ máa wọn ara yín láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Bí kílò ò bá lọ sókè, tí ò wá sílẹ̀, ohun tí ẹ ń jẹ ni ẹ ń ná.