Ohun tí AI yóò gbà lọ́wọ́ agbaninímọ̀ràn, àtohun tó yẹ kó kù sílẹ̀

Ṣé iṣẹ́ á ṣì wà fún ẹni tó ń kọ́ ìgbaninímọ̀ràn ní yunifásítì lónìí? Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tí kò rí oorun sùn lóru lè gbé fóònù, kó ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún ChatGPT, èsì á sì dé lójú ẹsẹ̀. Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1966, Joseph Weizenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT ní Amẹ́ríkà, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tó pè ní ELIZA, tó ń ṣe bí oníṣègùn ọkàn. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ pé inú òun kò dùn, á bi í pé kí ló dé tí inú rẹ̀ kò fi dùn. Bó bá dárúkọ ìyá rẹ̀, á ní kó sọ̀rọ̀ nípa ẹbí rẹ̀ sí i. ELIZA kò mọ ìyá, kò mọ ìbànújẹ́. Ọ̀rọ̀ tó rí ló ń yí padà. Síbẹ̀, akọ̀wé Weizenbaum, tó mọ̀ pé ètò lásán ni, ní kí ọ̀gá òun jáde nínú yàrá kí òun lè bá ELIZA sọ̀rọ̀.

AI òde òní ti kọjá bẹ́ẹ̀. Òbítíbitì ìwé àti ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì ń ṣírò ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù kó tẹ̀ lé èyí tó wà nílẹ̀. Wọ́n tún fi irú ìdáhùn tó wu àwọn èèyàn tọ́ ọ sọ́nà. Ìdí nìyẹn tó fi mọ bí a ṣe ń báni kẹ́dùn. Ìdí yẹn náà ló fi máa ń gbè sẹ́yìn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kódà nígbà tó yẹ kó ta kò ó.

Iṣẹ́ kan wà tó máa gbà, ó sì ti ń gbà á: kíkọ àkọsílẹ̀ ìjókòó, títo àkókò ìpàdé, àti wíwá ìsọfúnni nípa iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́. Ní 1959, nígbà tí àwọn sister Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Ìbàdàn, pe àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú láti wá la iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń parí lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìgbaninímọ̀ràn nílé ẹ̀kọ́ wa. Ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ ti wà lórí fóònù ọmọ báyìí.

Ti ìtọ́jú ọkàn ńkọ́? Ní 2025, àwọn olùwádìí ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí Therabot, ẹ̀rọ AI tó ń báni sọ̀rọ̀ láti tọ́jú ọkàn. Èèyàn 210 ló kópa, àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì dín kù ní ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó lò ó tí wọ́n ní àìsàn náà. Ṣùgbọ́n èèyàn ló ń ṣọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ. Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, NEDA, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tí oúnjẹ jíjẹ ti di àìsàn fún lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun fẹ́ ti ẹ̀ka ìpè rẹ̀ pa. Tessa, ẹ̀rọ tó ń báni sọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ náà fi sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn yìí, ń sọ bí èèyàn ṣe máa jò fún wọn. Kíá ni wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ kan wọ ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn iléèwé, ó ní ọ̀rọ̀ JAMB ló gbé òun wá. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ bo ọrùn ọwọ́. Agbaninímọ̀ràn tó mọṣẹ́ á pa ìwé JAMB dé, á rọra bi í bí nǹkan ṣe rí nílé. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ JAMB nìkan ni ẹ̀rọ máa rí.

Ta ló tún máa dáhùn bí ìmọ̀ràn bá ṣeni léṣe? Ní ọ̀pọ̀ ibi, agbaninímọ̀ràn ní ìwé àṣẹ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà fòfin de lílo AI láti tọ́jú ọkàn ẹni, ó sì fàyè gba amòye láti fi ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ẹni tó bá rú u lè san owó ìtanràn tó tó 10,000 dọ́là.

Ohun tó ká mi lára jù ni ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Àkọsílẹ̀ kíkọ, ìpè òru àti ọ̀rọ̀ tí kò wúwo ni wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ èèyàn. Bí ẹ̀rọ bá gba gbogbo ìyẹn, wọ́n á bá ọ̀rọ̀ ikú pàdé láìtíì gbọ́ ọ̀rọ̀ àìsùn rí. Nítorí náà, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ kó iṣẹ́ kéékèèké lọ tán. Kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ ìjókòó ní ọdún àkọ́kọ́, kó tó fà á lé AI lọ́wọ́. Kó sì máa gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó wá bá a kó tó fi àṣírí onítọ̀hún sínú ẹ̀rọ kankan. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ lò, tó sì mọ èèyàn gbọ́, iṣẹ́ ò ní wọ́n ọn.