Ọjọ́ Méje ní Erékùṣù Kúbà

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan mú ìwé pélébé kan wá bá mi. Wọ́n ti ń dá owó jọ láti lọ sí Kúbà, wọ́n sì fẹ́ kí n bá wọn wo ètò ọjọ́ méje tí wọ́n ṣe. Ìlú méje ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, ọjọ́ kan fún ìlú kan, láti Viñales ní ìwọ̀-oòrùn títí dé Santiago ní ìlà-oòrùn. Mo bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ ń wá lọ?" Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi etí ara àwọn gbọ́ ohun tí ó kù nínú èdè Yorùbá lẹ́nu àwọn tí à ń pè ní Lucumí. Mo ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ètò yìí kò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, nítorí inú ọkọ̀ ni wọn yóò ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò.

Ohun kìn-ín-ní tí ó yẹ kí á mọ̀ ni bí ilẹ̀ náà ti gùn tó. Kúbà kì í ṣe erékùṣù kékeré. Ó gùn tó nǹkan bí 1,250 kìlómítà. Láti Havana, tí í ṣe olú-ìlú, dé Santiago lé ní 850 kìlómítà. Ó sì lé ní 300 kìlómítà dé Trinidad, ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Sípéènì tẹ̀ dó ní ọdún 1514. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 100 kìlómítà péré ni ó wà láàárín Havana àti Matanzas. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Bí ó bá jẹ́ Lucumí ni a ń wá lọ, Havana àti Matanzas ti tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí á fi Santiago àti Trinidad sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ó dunni, ṣùgbọ́n ètò tí kò bá fi ohun kan sílẹ̀ kì í ṣe ètò.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ Matanzas? Agbègbè yìí wà lára ibi tí oko ìrèké ti pọ̀ jù lọ ní Kúbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìgbà náà gan-an ni ogun sì fọ́ Ọ̀yọ́ ilé, tí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá òkun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú dìde ogun sí àwọn olówó wọn ní oko Triunvirato, ní ẹ̀gbẹ́ Matanzas. Obìnrin kan tí à ń pè ní Carlota, tí ìtàn sọ pé Lucumí ni, wà lára àwọn tí ó ṣáájú wọn. Orúkọ rẹ̀ ni ìjọba Kúbà fi pe ogun tí wọ́n rán ọmọ ogun wọn lọ jà ní Àńgólà ní ọdún 1975. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin pátápátá níbẹ̀.

Ohun kejì ni oṣù tí a óò lọ. Ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe ọdún Màríà ti Regla, tí àwọn Lucumí gbà pé Yemọja ni. Ọdún tí ó wuni ni, ṣùgbọ́n àárín ìgbà ìjì líle ni ó bọ́ sí, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà títí dé òpin oṣù Kọkànlá ni ìjì náà máa ń jà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni oṣù Kejìlá. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rẹ̀ ni ọdún Lásárù mímọ́, ìyẹn Ọbalúayé, ní El Rincón lẹ́yìn odi Havana. Lójú alẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni èrò ti máa ń rọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi eékún wọ́ lọ láti san ẹ̀jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a so ètò wa mọ́ ọjọ́ náà.

Bí a ṣe tún ètò náà tò nìyí. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá, kí wọ́n gúnlẹ̀ sí Havana kí wọ́n sì sinmi. Ní ọjọ́ kẹtàlá, kí wọ́n lọ sí Matanzas. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, kí wọ́n wo Triunvirato àti odi San Severino, níbi tí wọ́n kó ohun ìrántí òwò ẹrú jọ sí. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n padà sí Havana, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn nínú ìlú àtijọ́. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, kí wọ́n sọdá sí Regla ní òwúrọ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n bá èrò lọ sí El Rincón. Wọn kò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun sí ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, kí wọ́n wọkọ̀ òfurufú.

Ẹ kíyè sí ohun méjì nínú ètò yìí. Ibi tí ó jìnnà ni a kọ́kọ́ lọ, kí ọkọ̀ tí ó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà má baà mú wa pàdánù ọkọ̀ òfurufú. Èkejì ni ọjọ́ òfìfo. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, iná mànàmáná kú jákèjádò erékùṣù náà; epo ọkọ̀ náà ti ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Nítorí náà, kí á béèrè bí ọkọ̀ bá ń rìn kí á tó san owó. Bí ohun kan bá yẹ̀ ní ọjọ́ kan, ọjọ́ òfìfo ni yóò gbà á. Bí kò bá sì sí ohun tí ó yẹ̀, ọjọ́ náà ni ẹni tí a bá pàdé lè sọ pé, "Ẹ wá kí wa nílé."

Ní ti owó, káàdì báǹkì Amẹ́ríkà kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀; owó tí a lè kà lọ́wọ́ ni kí á mú dání. Ẹ má sì tẹ̀ lé ìwé atọ́nà àtijọ́ tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa owó CUC, nítorí wọ́n ti pa á rẹ́ ní ọdún 2021. Ìwé àṣẹ ìwọlé àti ìwé adójútòfò ìlera kò ṣe é fi sílẹ̀. Inú ilé àwọn aráàlú tí ó ń gba àlejò ni kí á wọ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kí á sì ti kọ́ èdè Sípéènì díẹ̀ kí á tó lọ, nítorí òun ni wọ́n ń sọ lójoojúmọ́. Inú orin, àdúrà àti orúkọ ni Lucumí wà.

Èyí mú mi dé orí ohun tí ó ká mi lára jù. Èdè Sípéènì kò ní ohùn bíi tiwa, kò sì ya e àti ẹ sọ́tọ̀. Nítorí náà ilé àti ilẹ̀ lè dún bákan náà lẹ́nu wọn. Àṣẹ di aché, Ọ̀ṣun di Ochún, Ẹlẹ́gbá di Elegguá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń sáré yóò gbọ́ èyí, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fẹ́ tún un ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a nà lẹ́gba nínú oko ìrèké ni ó pa ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mọ́ fún ọmọ wọn. Kì í ṣe àṣìṣe ni a lọ wò. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà là ni a lọ wò.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètùtù, àwọn Lucumí a máa sọ pé "moyuba", wọn a sì máa dárúkọ àwọn òkú wọn. Mo júbà ni. Kí àwa náà kọ́kọ́ júbà, kí á gba àṣẹ kí á tó ya àwòrán, kí á sì jókòó. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìjókòó ni í la ojú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti fa ìlú márùn-ún rẹ́ nínú ìwé wọn. Mo sọ fún wọn pé ohun tí wọn yóò mú bọ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n fà rẹ́ lọ.