Lẹ́yìn tí kòkòrò àrùn bá kúrò lára: ìtọ́jú tí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ àrùn Kòrónà ṣì nílò

Ní ọdún 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde òfin kónílé-ó-gbélé ní Àbújá, ìpínlẹ̀ Èkó àti ìpínlẹ̀ Ògùn láti ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, kò sí alẹ́ tí àwọn ará ìlú kì í retí iye tí àjọ NCDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, yóò gbé jáde. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń wà nínú rẹ̀: iye àwọn tí àrùn Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, iye àwọn tí ilé ìwòsàn ti ní kí wọ́n máa lọ sílé, àti iye àwọn tó kú. Nígbà tí àjàkálẹ̀ náà fi rọlẹ̀, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n kó o ti lé ní 266,000 ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, àwọn tó kú jẹ́ 3,155, Àbújá ló sì tẹ̀ lé Èkó nínú iye àwọn tó kó o. Àwọn tó lé ní 250,000 ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó ti lọ sílé.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rí ìwòsàn pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn tí àrùn náà dá dùbúlẹ̀ gidigidi, tó fi di dandan kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí wọn nímú, mọ̀ pé ọjọ́ tí kòkòrò àrùn kúrò lára kọ́ ni ọjọ́ tí ara bọ̀ sípò. Ìwé NCDC kò ní ìlà kẹrin tí yóò sọ iye àwọn tó tún lè gun àtẹ̀gùn, tàbí iye àwọn tó padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ilé ìwòsàn Yunifásítì Àbújá tó wà ní Gwagwalada wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn aláìsàn náà sí ní olú-ìlú. Ní irú yàrá ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, aláìsàn lè lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì. Iṣan tí a kò bá sì lò, rírù ló ń rù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni itan àti ẹsẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ẹ̀dọ̀fóró tí àìsàn ti ṣe léṣe kì í lè fẹ̀ dáadáa. Ẹni tí wọ́n ki ọ̀pá bọ̀ lọ́fun kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí lè jí tán kí ohùn rẹ̀ ti há, kí omi tó ń mu sì máa fẹ́ gba ọ̀nà èémí. Ìrántí rẹ̀ lè dàrú, ẹ̀rù sì lè máa bà á lóru.

Ìdí nìyí tí ìtọ́jú ìmúbọ̀sípò fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ìgbà tí aláìsàn bá délé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gba àwọn oníṣègùn níyànjú pé kí wọ́n máa da ojú àgbàlagbà tí àìsàn náà ti wọ̀ lára, tó wà lórí ẹ̀rọ tó ń báni mí, bolẹ̀ fún wákàtí 12 sí 16 lóòjọ́, kí afẹ́fẹ́ lè dé apá ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn fisiotẹ́rápíìsì, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, a máa na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí oríkèé má baà gan. Bí ojú rẹ̀ bá ti dá, wọn a gbé e jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ́ bí a ṣe ń dìde lórí àga, kí ó tó gbé ìgbésẹ̀ márùn-ún, kí ó tó gbé mẹ́wàá. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń há mọ́ ìka ni wọ́n fi ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń já wálẹ̀, wọn a ní kó sinmi. Ẹni tí kò mọ̀ lè pè é ní eré ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti fi 50 ọdún rin ilẹ̀ lè laagun kí ó tó dìde lẹ́ẹ̀mẹta.

Ilé ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Ìfẹ́ ni àwọn ẹbí fi ń sọ fún ẹni tó ti ilé ìwòsàn dé pé kó má dìde, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ bá a lórí ibùsùn. Ìfẹ́ náà dára, àmọ́ ó lè dá iṣan tó fẹ́ gbérí padà. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí WHO ṣe fún àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà, wọ́n ní kí ẹni tí èémí rẹ̀ ń ga jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ó gbé apá lé tábìlì tàbí orókún, kí ó fa èémí wọlé nímú, kí ó sì rọra fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ iná àbẹ́là pa. Kí ó jókòó wẹ̀. Kí ó pín iṣẹ́ ilé sí wẹ́wẹ́, kí ó máa sinmi láàárín wọn.

Ẹ kíyè sí èyí o: kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni eré ìmárale bá lára mu. Àwọn kan wà tí wọ́n bá ṣe wàhálà díẹ̀ lónìí, ara wọn á wó lulẹ̀ lọ́la tàbí lọ́túnla. Irú wọn kò gbọ́dọ̀ fi agídí ṣe é. Kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n sì sọ fún dókítà. Bí àyà bá ń dunni, tí èémí kò rọlẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan ṣàdédé rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹni bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, WHO ṣàlàyé pé àìlera tó tẹ̀ lé Kòrónà sábà máa ń hàn nígbà tó bá di oṣù mẹ́ta tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì wà fún oṣù méjì ó kéré tán. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń ṣe é láti ilé. Kì í sì í ṣe Kòrónà nìkan ló ń fi àmì sílẹ̀. Nínú àwọn tó yè bọ́ lọ́wọ́ ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, ẹnì kan nínú mẹ́rin ni etí rẹ̀ ń di. Ìdajì wọn ló sì ń padà gbọ́ràn díẹ̀ láàárín oṣù kan sí mẹ́ta.

Ìṣòro tó kù ni ọ̀nà àti owó. Láti àárín gbùngbùn Àbújá sí Gwagwalada lé ní 40 kìlómítà. Ẹni tó ń gbé ní Nyanya tàbí Bwari, tí wọ́n ní kó máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, yóò san owó ọkọ̀ tirẹ̀ àti ti ẹni tó dì í mú. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ pé kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà wà nínú ètò náà, ṣùgbọ́n àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń tọ́jú ara. Ọ̀pọ̀ kì í padà wá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan.

Ohun tí ẹbí lè ṣe ni pé kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n ní kí fisiotẹ́rápíìsì tàbí nọ́ọ̀sì fi eré ìmárale náà hàn wọ́n lójú ara wọn, kí ẹni tí yóò máa tọ́jú aláìsàn nílé sì ṣe é níwájú rẹ̀. Kí wọ́n béèrè iye ìgbà tí yóò máa ṣe é lóòjọ́, ọjọ́ tí yóò padà wá, àti bóyá ilé ìwòsàn kan tó sún mọ́ ilé wọn ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n gbà á sínú ìwé, ní èdè tí wọ́n lè kà nílé.